Ọdẹ́bùnmi àti Ẹran Tó Ń Gba Inú Òkè Irin Kọjá

Ẹ sún mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ mi jù, nítorí bí mo bá ń sọ̀tàn, itọ́ mi máa ń fò bí òjò àkọ́rọ̀. Eyín tó yẹ kó dá a dúró ti lọ síbi tí eyín ń lọ. Ìtàn tí mo mú wá yìí kì í ṣe èyí tí a fi ń rẹ ọmọ sùn. Ìtàn obìnrin ọdẹ kan ni, ẹni tí ẹnu rẹ̀ gùn ju ìbọn rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí i pé mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí n sunkún, ẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí èmi ṣe ń ru ẹrù wúwo nìyẹn.

Obìnrin náà ń jẹ́ Ọdẹ́bùnmi, ará abúlé Ẹsẹ̀-Àpáta. Ìdí rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àpótí ìjókòó fi máa ń ké kó tó jókòó lé e. Mo mọ irú ìdí bẹ́ẹ̀ dáadáa, ẹ ṣáà rí ohun tí mo jókòó lé. Síbẹ̀, bó bá wọ inú igbó, ewé gbígbẹ kì í mọ̀ pé ènìyàn kọjá. Ó ti pa ẹfọ̀n, ó ti pa ìmàdò, ó sì pa àmọ̀tẹ́kùn kan tí àwọn ọkùnrin abúlé náà kò fẹ́ dárúkọ. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bó bá dé ibi ìsìnkú, ọ̀rọ̀ àmọ̀tẹ́kùn ni. Bó bá dé ibi ìkómọ, àmọ̀tẹ́kùn náà ni. Àwọn ọmọdé mọ ìtàn náà débi pé bó bá fo gbólóhùn kan, wọ́n á dá a padà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, Ọdẹ́rìndé, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti gbéyàwó. Ojú Rìndé ríran ju ojú àwòdì lọ. Láti ìsàlẹ̀ igi ìrókò, ó lè rí èèrà tó ń rìn lórí ẹ̀ka. Ojú yìí gan-an ló kó bá a. Àwọn àlejò kan wá sí abúlé, wọ́n rí gbọọrọ bí ọ̀pá, ara wọn funfun bí eérú, wọn kò sì ní ìpéǹpéjú. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá, kó wá bá àwọn ṣọ́ ẹran kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Rìndé bá wọn lọ, ó ní òun yóò dé kí iṣu tuntun tó jáde.

Iṣu tuntun jáde, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbin òmíràn. Àwẹ̀ró, ìyàwó Rìndé, bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà rá, ó rìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó wá ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá kọjá ní bàbá. Lọ́jọ́ tó sáré tẹ̀ lé ọkùnrin tó ń ta kẹrosíìnì, tó ń ké pé bàbá, bàbá, tí ọkùnrin náà dúró tí kò mọ ohun tí yóò ṣe, Ọdẹ́bùnmi gbé ìbọn kọ́ èjìká. Àwẹ̀ró di ìró rẹ̀ mú, ó ní bí wọ́n bá dá ìyá náà dúró ńkọ́? Ọdẹ́bùnmi ní ẹni tó bá fẹ́ gbé òun yóò wá ẹni méjì kún ara rẹ̀ kó tó lè gbé irú ìdí yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde. Kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró rí ojú òun.

Igbó àkọ́kọ́ tó wọ̀ lójú ọ̀nà tí àwọn àlejò náà gbà lọ ni Igbó Òṣùwọ̀n. Iwin kan ló ni ibẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì gùn bí ọ̀pá òṣùwọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí atẹ. Ohun gbogbo tó bá wọlé, yóò wọ̀n ọ́n. Ohun gbogbo tó bá jáde, yóò tún wọ̀n ọ́n. Ó gbé Ọdẹ́bùnmi lé ọwọ́ òsì, ó kó òkúta lé ọwọ́ ọ̀tún, ó kó o títí òkúta fi tán lára òkè kan. Ó ní òun kò tíì rí irú èyí rí láti ọjọ́ tí òun ti ń wọn nǹkan. Ọdẹ́bùnmi ní kó máa wò ó, ọbẹ̀ gidi ló sọ òun dà bẹ́ẹ̀.

Iwin náà wá pa á ní àlọ́. Ó ní nínú ìlú tó wà níwájú, wọ́n máa ń fọ́ nǹkan mọ́ nǹkan. Òun a wọn èyí tó wọlé, òun a wọn àfọ́kù tó jáde, nígbà mìíràn àfọ́kù kì í pé. Ilẹ̀kùn kò ṣí, fèrèsé kò ṣí, ẹnikẹ́ni kò kọjá. Níbo ni ìyókù wọlé sí? Bí kò bá lè dáhùn, inú igbó náà ni yóò máa gbé, òun yóò máa wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀.

Ọdẹ́bùnmi rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kò tíì dáná rí," ló sọ fún un. "Bí mo bá se ẹran sínú ìkòkò, tí mo dé e, tí mo padà dé tí ó dín, tí kò sí ẹni tí epo wà lẹ́nu rẹ̀, ṣé mo máa ní ẹran ló jẹ ara rẹ̀ ni? Olè ti wọ ilé ìdáná. Pé n kò rí i kò ní kó má yó."

Iwin náà sọ apá kalẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará ìlú náà ṣe sọ, olè ìdáná náà ni wọ́n sì ń dọdẹ. Ó yà fún un.

Lẹ́yìn èyí ló dé Odò Ariwo. Omi kò sí níbẹ̀. Ohùn ló ń ṣàn, gbogbo ohun tí ayé ti sọ nípa ẹni tó ń kọjá. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá dá ohùn kan lóhùn, ohùn náà yóò gbé e lọ. Ẹ gba mí, irú èmi yìí ì bá ti rì kí ẹsẹ̀ tó kan ìsàlẹ̀. Ọdẹ́bùnmi wọ inú odò. Ohùn kan ní obìnrin tó ń dọdẹ ni ọkọ ń sá fún. Ó gbé e mì. Ohùn mìíràn ní àmọ̀tẹ́kùn ọjọ́sí ti darúgbó, kò ní eyín, oorun ló ń sùn nígbà tí wọ́n yìnbọn fún un. Ó bu ahọ́n ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Nígbà tó gun òkè odò, ó yíjú padà, ó dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣépè fún èyí tó yẹ, ó sọ ti àmọ̀tẹ́kùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n ohùn kan wà tí kò rí èsì fún. Ohùn náà rọra sọ ọ́, ní àárín odò, pé ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ wálé.

Èyí ló gbé dé ìlú náà. Ìlú Ayíká ni wọ́n ń pè é. Lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ihò kan wà tó yí ìlú po, ẹni tó bá ń rìn ín yóò máa padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Inú ihò yìí ni àwọn aláìnípéǹpéjú ti ń lé àwọn ọmọ ìmọ́lẹ̀, àwọn wóró tó kéré ju ohun tí eruku fúnra rẹ̀ ń pè ní eruku. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, bí wóró bá ti kọjá níwájú ẹnì kan, á tì í lẹ́yìn, bí a ṣe ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà. Á yí, wọ́n á tún tì í, á tún yí, títí eré rẹ̀ yóò fi di èyí tí ojú kò lè bá lọ. Nígbà náà ni wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀, á lọ kọlu Òkè Irin ní àárín ìlú. Gbogbo ohun tó bá ti ibẹ̀ fọ́n jáde ni yóò kú sínú irin, iná àti ariwo pẹ̀lú. Ẹran kan ṣoṣo, olè ìdáná náà, ni wọ́n gbà pé ó lè gba inú òkè náà kọjá bí èéfín ṣe ń gba inú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Fúyẹ́-ju-Èémí. Lẹ́yìn òkè ni Ihò Ìṣọ́ wà, ibẹ̀ ṣókùnkùn biribiri lọ́sàn-án gangan, ibẹ̀ sì ni àwọn aṣọ́de jókòó sí, olúkúlùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò omi ńlá kan, wọ́n ń wò.

Alákìíyèsí ni olórí wọn, arúgbó kan tí ojú kan ṣoṣo gba gbogbo iwájú orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí òwú. Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ Rìndé. Alákìíyèsí ní ìdílé kan, ìjókòó kan. Ẹni tó bá ti jókòó kò gbọdọ̀ dìde àfi bí ẹran bá fara hàn, nígbà náà gbogbo wọn yóò lọ sílé. Ọdẹ́bùnmi ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ìjókòó ọmọ òun. Alákìíyèsí wò ó títí.

"Ojú rẹ lè jókòó," ló wí, "ẹnu rẹ ni kò lè jókòó."

Ó gbà kó kàn wọlé kí ọmọ rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún un pé àlejò tó bá ké pé òun rí ẹran, tí kò sì rí i, kò ní padà sílé mọ́. Olùṣọ́nà gba ìbọn rẹ̀, ó béèrè bóyá ó mú ohunkóhun tó ń tàn lọ́wọ́. Ó ní àfi ojú òun. Irọ́ ni. Fìtílà ọdẹ rẹ̀ wà nínú àpò, nítorí ọdẹ kò lè bọ́ fìtílà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bí obìnrin kò ṣe lè bọ́ ìró rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú òkùnkùn Ihò Ìṣọ́, ó fọwọ́ ta ilẹ̀ títí ó fi kan orúnkún ọmọ rẹ̀. Orúnkún náà ti di egungun. Rìndé kò lè dọ̀bálẹ̀ nítorí ìjókòó, ó tẹ orí ba níbi tó wà. Ó bi ìyá rẹ̀ bí Àwẹ̀ró ṣe wà. Nígbà tó gbọ́ nípa ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹran ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ó ní ẹ̀mí ẹran náà kò gùn. Bó bá ti kọjá òkè, yóò kú, ibi tó bá kú sí, ìmọ́lẹ̀ méjì yóò tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìbejì. Ìyá rẹ̀ béèrè ta ló ti rí i. Ó ní kò sí. Ó béèrè ta ló wá sọ ọ́ lórúkọ.

"Àwọn àgbà ibí ni, Ìyá mi. Wọ́n ní ohun kan ló so gbogbo ìràwọ̀ pọ̀ tí wọn kò fi fọ́n ká, a kò sì rí ohun náà. Bóyá òun ni. Lójoojúmọ́ la ń mọ ibi tí kò sí. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá fọ́ igbó apá kan tí ẹran kò jáde, ẹ máa ń mọ̀ pé apá kejì ló wà."

"Ọbẹ̀ 'ibi tí kò sí' ni kí ìyàwó rẹ sè fún ọmọ yẹn?"

Rìndé yí orí padà sí òkè. Ojú rẹ̀ ti padà sínú òkùnkùn. Nígbà náà ni ohùn inú odò padà wá sí etí Ọdẹ́bùnmi. Ó rí i pé òfin nìkan kọ́ ló de ọmọ rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ìrètí ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, òkùn èyí sì le ju ti òfin lọ.

Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó ń rò ó. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lẹ́rìn-ín. Ta ló ń dọdẹ nínú òkùnkùn láìtan iná? Gbogbo ọdẹ ló mọ̀ pé ojú ẹran kì í dá tàn. Fìtílà iwájú orí ọdẹ ló ń tàn sí i lójú, tí ojú náà fi ń dáhùn, méjì, pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n bá ti jókòó báyìí láti ọjọ́ aláyé dáyé, kò yẹ kí wọ́n rí nǹkan kan. Ó yí ẹ̀yìn sí Rìndé, ó tan fìtílà, ó so ó mọ́ iwájú orí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Òkè Irin mì, àwọn ọmọ ìmọ́lẹ̀ ti kọlù ú. Ó ṣí ọwọ́ díẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ méjì tàn lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ó bo fìtílà, wọ́n kú. Ó ṣí i, wọ́n tàn. Ó tún bò ó, wọ́n tún kú. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi ọdẹ èyíkéyìí tó bá wà láàárín yín, bóyá ẹ̀rí wà tó ju èyí lọ nínú igbó. Èyí tó bá ń tàn láìsí fìtílà, kòkòrò ni tàbí iwin. Èyí tó bá dá fìtílà lóhùn, ẹran ni. Ọdẹ́bùnmi fẹ́ fìtílà pa, ó tì í padà sínú àpò, ó sì fi gbogbo ọ̀fun rẹ̀ ké pé, "Mo rí i."

Àwọn tó ń ti wóró ìmọ́lẹ̀ dúró. Àwọn aṣọ́de dìde lórí ìjókòó tí wọ́n ti di ara rẹ̀, orúnkún wọn ń ró bí igi gbígbẹ. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń di mọ́ àwọn tí wọn kò rí ojú wọn rí. Wọ́n gbé Ọdẹ́bùnmi jáde sí gbangba, wọ́n wá ẹni méjì kún ara wọn lóòótọ́. Rìndé dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú oòrùn. Ìyá rẹ̀ rí ojú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé, ó sì rò pé ìmọ́lẹ̀ ló mú kó máa wo ilẹ̀.

Alákìíyèsí wá, gbogbo wọn yà fún un. Ó béèrè pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó rọ̀ pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ẹran ni.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Rìndé rọra fa ìró rẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti rí àwùjọ tó tóbi ju èyí tó sọ ti àmọ̀tẹ́kùn fún rí. Ó fa fìtílà yọ láti inú àpò, ó gbé e sókè. Ó ní kí wọ́n wo ohun tí wọn kò ní, òun ni wọn kò fi rí ẹran. Ó ní òun dán an wò bí àgbà ọdẹ. Òun bo fìtílà, ìmọ́lẹ̀ méjì náà kú, òun ṣí i, wọ́n tàn, òun tún bò ó, wọ́n kú. Ó wò yíká, ó ń retí ìyìn.

Aṣọ́de arúgbó kan jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó fi ọwọ́ bojú.

"Ìgò omi méjì," ni Alákìíyèsí wí. "Iná tìrẹ lo rí nínú wọn. Nínú igbó yín, fìtílà ni ẹran ń dá lóhùn. Ẹran tiwa gbọ́dọ̀ mú ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ wá. Èyí tó bá kú nígbà tí o bo fìtílà kì í ṣe nǹkan kan."

Ọdẹ́bùnmi gbọ́ ọ, kò yé e, lẹ́yìn náà ó yé e. Ìdí rẹ̀ wúwo lójijì ju bí iwin ṣe wọ̀n ọ́n lọ. Àwọn kan nínú ìlú náà ń kùn pé ọgbọ́n àrékérekè ló fi ké, kó lè gba ìjókòó lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní kí wọ́n má ṣe yẹ́ òun sí bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, òun kò ní fi ẹnu òun ṣàlàyé rẹ̀ tán fún wọn.

Rìndé ti dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ló jẹ̀bi. Òun ti rí òjìji fìtílà lára ògiri kí ìyá òun tó ké, òun sì mọ ohun tó jẹ́, ṣùgbọ́n òun ti gbọ́ pé òun bí ọmọ. Òun dákẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sórí ìjókòó. Alákìíyèsí ní ẹnu tó ké ni òfin mú. Ìyá yóò jókòó kó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran àti iná ara rẹ̀. Ìdílé kan, ìjókòó kan, nítorí náà ọmọ ti di òmìnira. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá tún pe òfìfo ní ẹran, àwọn yóò ránṣẹ́ pe ọmọ padà, kò sì ní dìde mọ́ láéláé.

Rìndé kò fẹ́ lọ. Ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú. Ọdẹ́bùnmi fi fìtílà lé e lọ́wọ́.

"Dìde, Rìndé. Ọmọ rẹ ń sáré tẹ̀ lé oníkẹrosíìnì. Bó o bá dé ibi odò, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn, bí wọ́n tilẹ̀ ní o fi ìyá rẹ sílẹ̀. Wọ́n máa sọ ọ́."

Ó lọ. Ó ń wẹ̀yìn títí ọ̀nà fi gbé e mì lójú ìyá rẹ̀. Ó dé Ẹsẹ̀-Àpáta pẹ̀lú fìtílà lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì pè é ní bàbá, bó ṣe ń pe gbogbo ènìyàn. Ó gba àkókò kí ọmọ náà tó ṣíwọ́ pípe àwọn yòókù.

Obìnrin tí mo ń sọ yìí wá jókòó nínú Ihò Ìṣọ́. Kò sí fìtílà, kò sí ìbọn, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ti àmọ̀tẹ́kùn. Òkè Irin ń mì, kò sí nǹkan kan. Ó tún mì, kò sí nǹkan kan. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń bú u, ó máa ń bú ìyá tó bí ẹran náà. Nígbà tó yá, èébú tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wá ń fi ọkàn pààlà inú òkùnkùn bí ẹni ń fọ́ igbó, ibí yìí kò sí, ọ̀hún kò sí, ó kù díẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ láti mọ bí omi inú ìgò ṣe máa ń kọ mànà lásán, bí ojú tó rẹ̀ ṣe máa ń ṣẹ̀dá iná fún ara rẹ̀. Ó mọ gbogbo irọ́ tí òkùnkùn lè pa.

Lọ́jọ́ kan, òkè mì. Lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn irin, níbi tí ìgò kan kò sí, ìmọ́lẹ̀ méjì tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n kéré, wọ́n dá ṣáṣá, wọ́n sì kú.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí iwájú orí fúnra rẹ̀. Kò sí fìtílà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí. Bó bá jẹ́ òtítọ́, gbogbo àwọn tó jókòó yìí yóò lọ sílé, òun náà yóò rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òtítọ́, Rìndé. Igbe ti dé ọ̀fun, ó gbóná níbẹ̀ bí ẹ̀kọ tí a kò lè gbé mì.

Aṣọ́de arúgbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe yí padà. Ó rọra béèrè kí ni ìyá ọdẹ rí.

Ọdẹ́bùnmi pa ẹnu dé. Ó gbé itọ́ mì.

"N kò tíì mọ̀," ló wí. Ó dojú kọ òkè, ó ń dúró kó tún mì.

Ibẹ̀ ni ìtàn mi jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agbára mi kò sì tó láti fà á dìde.